Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Àkùrọ̀ Kẹ́ẹ Tó Fi Ọkọ́ Kàn Án

Ìdílé wa ní àkùrọ̀ kan lápá òkè Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ la ti ń jẹ àgbàdo àkùrọ̀ láti kékeré, ibẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́ ti máa ń jáde lóṣù Kejì nígbà tí gbogbo oko yòókù bá ti gbẹ táútáú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá rò ó pé ilẹ̀ yẹn ṣì lè fẹ̀ sí i, wọ́n ní ká gé gbogbo ọ̀pẹ ògùrọ̀ tó wà níbi ìsun omi kúrò, ká sì la gọ́tà gbọọrọ kan gba àárín rẹ̀ kọjá kí omi lè tètè máa lọ. Ọdún àkọ́kọ́, ìkórè pọ̀, inú gbogbo wa dùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, oṣù Kìíní ò tíì parí tí ìsun ti gbẹ, yanrìn ti bo ibi tí kókò ń hù tẹ́lẹ̀, gọ́tà tá a gbẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, omi ti jẹ ẹ́ jìn débi pé ọmọdé lè dúró nínú ẹ̀ kẹ́ẹ má rí orí ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, a kàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ilẹ̀ ni.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ ọ, lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ka ìwé nípa ilẹ̀, àti nínú ẹrọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni bí ẹ̀yin náà ṣe lè wọ àkùrọ̀ kan, bóyá ẹ fẹ́ dáko síbẹ̀ ni o, tàbí ẹ fẹ́ gbẹ́ odò ẹja, tàbí ẹnì kan fẹ́ tà á fún yín, kẹ́ẹ sì mọ ohun tó ń jẹ́ kó tutù. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe é, omi, òkúta àti ewéko, kò sì sí èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ máa rí bí àwọn méjì tó kù ṣe máa yíwà padà.

Ohun tẹ́ẹ máa kó dání

Bàtà òjò, àdá, ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì, ike omi mẹ́ta tó mọ́ tó ń hàn gbangba, igi kan tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, àti fóònù yín kẹ́ẹ lè máa ya fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, bàtà òjò yẹn ṣe pàtàkì o. Àwọn ìgbín kéékèèké kan wà nínú omi tó dúró sójú kan tí kòkòrò àtọ̀sí ajá ń ti ara wọn jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, kò nílò ojú egbò rárá. Ká má tíì sọ ti ejò.

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lọ lóṣù Kẹwàá nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kẹ́ẹ tún padà lọ láàárín oṣù Kejì sí ìkẹta. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò máa ń le ní bíi oṣù Kẹfà sí ìkeje, á dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, á tún le ní oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, lẹ́yìn ìyẹn ọyẹ́ á gbà á. Omi oṣù Kẹwàá, gbogbo ilẹ̀ ló ní in. Omi oṣù Kejì ni ti àkùrọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ lẹ́yìn tó lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tíì mọ ohun tó rà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè

Ẹ má sáré wọ ibi tó tutù. Ẹ gun òkè ná, kẹ́ẹ wá ibi tí àpáta ti yọrí. Láti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, lọ sí Òṣogbo, lọ sí Èkìtì títí dé Ìdànrè, òkúta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ wa, irú Olúmọ yẹn. Òkúta yìí fúnra rẹ̀ kì í fa omi mu, ojú ibi tó ti sán ni omi máa ń gbà wọ inú ẹ̀. Àmọ́ òjò àti oòrùn ti ń jẹ ẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bó sì ṣe ń jẹrà, ó ń pínyà: apá kan ń di amọ̀, èyí tó funfun jù nínú amọ̀ yẹn la mọ̀ sí ẹfun, apá kejì tó le tó ń dán bíi dígí kò jẹrà, òun ló ń di yanrìn. Irin tó wà nínú òkúta náà sì ń pọ́n, ó ń dì pọ̀, ó ń di yangí, èyí tẹ́ẹ máa ń rí létí òkè tó le tó ń ba ojú ọkọ́ jẹ́.

Ibí yìí ni omi ti wá gbà á lọ́wọ́ òkúta. Òjò á rọ̀, á kó amọ̀ àti yanrìn sọ̀ kalẹ̀, yanrìn wúwo, kì í lè rìn jìnnà, ìdí òkè ló ti máa ń jókòó, amọ̀ fúyẹ́, òun á bá omi lọ títí dé àárín àfonífojì kó tó balẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Omi òjò tó wọlẹ̀ lórí òkè á máa yọ́ rìn gba inú yanrìn, á bá òkúta líle nísàlẹ̀, kò ríbi wọ̀, á máa gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, á wá bá amọ̀ àfonífojì, ìyẹn náà kò jẹ́ kó kọjá. Kí ló kù tó lè ṣe? Á yọ sókè. Ibẹ̀ ni ìsun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé omi tí ẹ ń bu nínú àkùrọ̀ lóṣù Kejì, òjò tó ti rọ̀ sórí òkè láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni, ó kàn ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ ni. Ẹ rìn létí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa rí ìlà kan tí koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí tòkè ti di pípọ́n, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, kẹ́ẹ fi nǹkan sàmì síbẹ̀. Gbogbo ohun tẹ́ẹ bá máa ṣe lórí ilẹ̀ yẹn, ìlà yìí lẹ máa dáàbò bò.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ rí bí òkúta ṣe lè darí omi tó kọjá àfẹnusọ, ẹ lọ sí Ìkọgòsì ní Èkìtì, ojú ibi tí òkúta ti sán ni omi gbígbóná ibẹ̀ ń gbà jáde wá pàdé omi tútù.

Ti ìsàlẹ̀ yàtọ̀ o. Èkó, Ẹ̀pẹ́, Ìlàjẹ, títí wọ orílẹ̀-èdè Benin, òkúta líle ti jìn wọlẹ̀ gan-an níbẹ̀, yanrìn àti amọ̀ tí omi ti kó jọ ní ìpele ìpele ló wà lókè ẹ̀, ní àwọn ibì kan bí Ewékorò ẹ máa bá òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Níbẹ̀, ọ̀sà àti òkun ló ń pinnu bí àbàtà ṣe máa rí ju òkè lọ.

Ihò mẹ́ta

Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́ta, ọ̀kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọ̀kan létí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́, ọ̀kan ní àárín àkùrọ̀ gan-an. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tó. Ẹ to ilẹ̀ tẹ́ẹ bá kó jáde nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ẹ wo àwọ̀ wọn.

Tókè máa pọ́n, torí pé irin tó wà nínú ẹ̀ ń rí atẹ́gùn, ó ń dógùn-ún bí irin ṣe ń dógùn-ún. Ti àárín máa rí bí eérú, nígbà míì ó lè dà bí aró tó ti ṣá. Omi ti dí gbogbo ojú ihò inú ilẹ̀ yẹn, atẹ́gùn ò ríbi wọlé, irin ibẹ̀ sì ti pàdánù pípọ́n ẹ̀. Èyí tó wà létí ló dùn ún wò jù, ẹ máa rí eérú eérú tí pupa fọ́nká sínú ẹ̀ bí ara ẹkùn. Ibi tí pupa yẹn bá wà ni omi ti máa ń wá tó tún ń lọ. Ẹ fi rúlà wọn bí pupa yẹn ṣe jìn sí ojú ilẹ̀ tó, torí ibi tí ilẹ̀ bá ti wá di eérú pátápátá, ibẹ̀ ni omi kì í kúrò. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè sọ fún yín pé omi kì í dé ibẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ á sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ bu díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ yí i bí ẹni ń yí òkèlè, kẹ́ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ gùn lórí ìka. Tó bá ń já ṣáá, yanrìn ló pọ̀ nínú ẹ̀. Tó bá gùn kọjá ìka tí kò já, amọ̀ nìyẹn.

Ike mẹ́ta yẹn náà kò ní lọ lásán. Ẹ bu ilẹ̀ kún ìdá kan nínú mẹ́ta ike kọ̀ọ̀kan, ẹ rọ omi lé e, ẹ fi ìyẹ̀fun ọṣẹ ìfọṣọ bíńtín sí i, ẹ de orí ẹ̀, ẹ mì í dáadáa, kẹ́ẹ gbé e sílẹ̀ kẹ́ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Láàárín bí ìṣẹ́jú kan, yanrìn á ti jókòó sísàlẹ̀. Ní bíi wákàtí méjì, èyí tó kúná díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Amọ̀ lè má jókòó títí dọjọ́ kejì, omi á ṣì máa rí bí omi ẹ̀kọ. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ gbẹ́ odò ẹja níbi tí yanrìn ti gba ju ìdajì ilẹ̀ inú ike lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ronú sí i, omi yẹn lè má dúró.

Omi gan-an

Ẹ fi àdá sàmì sára igi mítà kan ààbọ̀ yẹn ní ìka mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ rì í mọ́ ihò àárín, kẹ́ẹ máa lọ kà á lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá ní ọdún kan irú nọ́ńbà yìí lọ́wọ́ ti mọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó gbin nǹkan, kò ní máa méfò.

Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ lọ dúró létí ibi tí omi ń gbà wọlé, kẹ́ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, kẹ́ẹ tún lọ síbi tó ń gbà jáde. Àkùrọ̀ tí ara ẹ̀ yá, omi á pọ́n wọlé, á mọ́ jáde. Ewéko ló ń dín eré omi kù, omi tó bá ti rọra ń rìn kò lè gbé ẹrọ̀fọ̀ mọ́, á gbé e sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ àkùrọ̀ ṣe ń nípọn sí i lọ́dọọdún nìyẹn, tó fi ń lọ́ràá. Tí omi bá pọ́n wọlé tó tún pọ́n jáde, ewéko ibẹ̀ ti dín kù jù tàbí pé omi ti rí ojú ọ̀nà kan tó ń sáré gbà.

Nǹkan kan wà tó máa ń dẹ́rù bani, ẹ máa rí ohun tó ń dán bí epo lójú omi, àwọn èèyàn á ní epo rọ̀bì ti jáde. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ẹ fi tọ́ ọ. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tí kò padà pọ̀ mọ́, kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹ irin ló ṣe é, kò sí wàhálà. Tó bá yí po tó tún padà so pọ̀, epo ni, ẹnì kan ti da epo mọ́tò tàbí dísù sómi, ẹ wá ibi tó ti ń bọ̀.

Ewéko kì í purọ́

Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àdúrà ni, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti wo omi dáadáa. Àwọn méjèèjì ń lékè, ọ̀nà tí wọ́n fi ń lékè yàtọ̀. Ojú oró ò fìdí mọ́lẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ kàn ń ju nínú omi ni, ibi tí omi ti dúró jẹ́ẹ́ ló wù ú. Òṣíbàtà ní tiẹ̀, ìdí ẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ewé ẹ̀ nìkan ló wà lókè, torí náà níbi tẹ́ẹ bá ti rí òṣíbàtà, omi ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, kì í sì í jìn jù. Ẹ gé ọ̀pá ewé òṣíbàtà kan, ẹ máa rí ihò nínú ẹ̀ bíi sítíróò. Ẹ tẹ ẹnu kan bọ omi kẹ́ẹ fẹ́ ẹnu kejì, ó máa hó. Ihò yẹn ni atẹ́gùn ń gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìdí tó wà nínú ẹrẹ̀ tí kò sí atẹ́gùn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo pe gbogbo àwọn ọmọ ilé wá wò ó.

Làbẹ́làbẹ́ tó ń ya èèyàn lẹ́sẹ̀ yẹn, ilẹ̀ tó tutù lọ́pọ̀ oṣù ọdún ló ń gbé. Ẹ fa ọ̀kan tu, kẹ́ẹ wo ilẹ̀ eérú tó yí gbòǹgbò ẹ̀ ká, ẹ máa rí pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn bíi túùbù. Atẹ́gùn tó ń jò láti inú gbòǹgbò ló sọ irin ibẹ̀ di pupa padà, ewéko ń yí ilẹ̀ padà lójú yín báyìí. Kókò àti tẹ̀tẹ̀gùn, etí ni tiwọn, ibi tó lọ́rinrin tí omi kì í bò mọ́lẹ̀ pẹ́. Ọ̀pẹ ògùrọ̀ àti igi àbùrà, ibi tí omi wà yípo ọdún ni. Tẹ́ẹ bá rí ògùrọ̀ tó tò lọ ní ìlà, ẹ wo ìdí wọn, ẹ máa rí gbòǹgbò kéékèèké tó nàró sókè látinú ẹrẹ̀, atẹ́gùn ni wọ́n ń mí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ pọ̀: wọ́n ń di ẹrẹ̀ mú, wọ́n ń ṣíji bo ìsun kí oòrùn má fà á gbẹ, ewé wọn tó ń bọ́ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú omi, ó ń di ilẹ̀ dúdú tó ń fa omi mu bíi tìmùtìmù. Ohun tí a gé dànù nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Lápá òkun, ẹ̀gbà ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, igi tí gbòǹgbò ẹ̀ gbé e sókè bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹ ṣọ́ra gidi pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìdí ẹ̀. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ sínú omi. Tí wọ́n bá fa omi rẹ̀ gbẹ tí atẹ́gùn kàn án, ó máa di kíkan débi pé nǹkan ọ̀gbìn ò ní lè hù lórí ẹ̀, á tún máa jẹ sìmẹ́ǹtì àti irin. Ẹni tó bá fẹ́ rí àbàtà nítòsí òkun láìtẹ ẹrẹ̀, ọgbà Lekki Conservation Centre wà níbẹ̀ láti 1990, afárá onípákó wà tẹ́ẹ lè rìn gba àárín àbàtà kọjá.

Ewéko kan wà tí kì í ṣe tiwa, èyí tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Water hyacinth lorúkọ ẹ̀, ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà (South America) ló ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n rí i tó gba odò Badagry wọlé láti orílẹ̀-èdè Benin. Iyọ̀ ò bá a lára mu, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bo ọ̀sà Èkó nígbà òjò tí omi odò bá pọ̀, tí á sì kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá wọlé. Tẹ́ẹ bá rí i nínú àkùrọ̀ yín, ẹ tètè kó o kúrò kó tó bo ojú omi pa, ẹ kó o sí orí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sómi kó jẹrà.

Àwọn kòkòrò àti ẹja ibẹ̀, ẹ kàn máa wò wọ́n. Lámilámi tó pọ̀ dára, àwọn ọmọ wọn tó ń gbé inú omi ń jẹ tanwíji, ẹja kéékèèké náà ń jẹ ẹ́. Àkùrọ̀ tó ní lámilámi àti ẹja kì í ní ẹ̀fọn tó èyí tí wọ́n ti bàjẹ́ tó wá ku kòtò kòtò.

Bẹ́ẹ ṣe máa wá lò ó

Ẹ má fọwọ́ kan ìlà ìsun yẹn. Ẹ fi ògùrọ̀ ibẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ fi bíi ìṣísẹ̀ ogún sílẹ̀ yí i ká, èmi ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí màlúù débẹ̀. Àárín ni kẹ́ẹ ti dáko, ẹ kọ ebè tó ga kí gbòǹgbò lè rí atẹ́gùn, kí omi máa dúró nínú poro. Tí omi bá pọ̀ jù tẹ́ẹ sì gbọ́dọ̀ darí ẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa yí kọ́rọkọ̀rọ, ẹ má là á tààrà, torí omi tó ń lọ tààrà ń sáré, èyí tó ń sáré ń gbẹ́lẹ̀, bí gọ́tà bá sì ti jìn, gbogbo omi inú ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ máa ń ṣàn sínú ẹ̀ lọ. Ohun tó pa ìsun tiwa gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ fẹ́ kọ́lé, ọ̀rọ̀ yín kúrú. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Ìbàdàn rí i lóṣù Kẹjọ 1980 nígbà tí odò Ògùnpa kún tó gbé ilé àti èèyàn lọ, ó tún rí i lóṣù Kẹjọ 2011. Etí odò àti àkùrọ̀ ni omi ti máa ń ráyè tẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá pọ̀. Tí ilé bá ti gba ibẹ̀, inú ilé ló máa tẹ́ sí.

Tí wọ́n bá ti ba tiyín jẹ́ bíi tiwa, ó ṣeé tún ṣe. A kó àpò yanrìn dí gọ́tà yẹn ní ibi méje, kò ga ju orókún lọ ní ibì kankan, torí ọ̀kan tó bá ga gogoro, òjò kan ló máa wó o. Yanrìn tí omi gbé wá jókòó sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìsàlẹ̀ gọ́tà sì ń ga bọ̀. Làbẹ́làbẹ́ fúnra ẹ̀ ló kọ́kọ́ padà, a ò gbìn ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló lọ bẹ̀bẹ̀ ọmọ ògùrọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní àkùrọ̀ lódìkejì òkè, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi gbìn ín, mọ́kànlélógún ni, méjìdínlógún ló yè. Lọ́dún yìí, ìsun náà kò gbẹ títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Kò tíì rí bíi tàtijọ́, àmọ́ láàárọ̀ kùtù tẹ́ẹ bá gbé igbá sí i, ó máa kún.